Bí A Ṣe Ń Sọ Ìfẹ́ Láti Tún Ayé Ṣe Di Iṣẹ́ Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù tàbí Àgọ́-Ìwòyè léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn: “Mo fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ náà ti ọkàn wọn wá. Ibi tó ti ń há ni pé aráyé pọ̀, ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ kò sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kọ́kọ́ kàn. Ohun tí mo ní í sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ sọ ìfẹ́ ńlá náà di iṣẹ́ kékeré kan, níbì kan pàtó, ní wákàtí kan pàtó, láàárín àwọn èèyàn tí ẹ ti bi léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé òun ni mo mọ̀ dáadáa, àti pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ náà lè ṣe é.

Àwọn bàbá wa ti mọ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni tipẹ́. Nínú àáró, mo bá ọ ṣiṣẹ́ lóko lónìí, ìwọ náà á bá mi ṣe lọ́jọ́ mìíràn, a mọ ohun tí a jẹ ara wa. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣán oko ló máa ń ránṣẹ́ pe ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́. Àwọn tó wá á mú àdá tàbí ọkọ́ tiwọn dání, olówẹ̀ á wá oúnjẹ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣírò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko tí wọn kò pè é sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ òde òní ti ń kọsẹ̀: èèyàn á wo àdúgbò kan láti òkèèrè, á ti pinnu ohun tó ń dùn wọ́n níbẹ̀, á ti tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀wù, kó tó bi ìyá kan ṣoṣo ládùúgbò náà pé kí ni ẹ fẹ́.

Ẹ dín ìfẹ́ náà kù

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí i. Èkíní ni ohun tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà yín tó máa ń ká yín lára: ọmọ pírámárì karùn-ún tí kò lè ka ìlà kan já, gọ́tà tó dí pa, aboyún tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún kiri. Èkejì ni ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀kẹta ni wákàtí tó jẹ́ tiyín gan-an láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń já èèyàn kulẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ní ìdánwò tó máa gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ti Ṣàgámù lọ ṣiṣẹ́ l’Ékòó lójoojúmọ́, oorun ló máa ń fi àárọ̀ Sátidé rẹ̀ sùn, kò sì burú. Ẹni tó ń tajà ní Òkè-Ajé kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Kí kálukú wo ibi tí àyè rẹ̀ wà lóòótọ́. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún táàmù kan gbáko, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá, sàn ju “màá máa wá nígbà gbogbo” lọ. Ọmọdé tí ẹ ṣèlérí fún tí ẹ kò sì yọjú, ẹnu ọ̀nà ló máa jókòó sí, á máa wo òpópónà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní wá mọ́.

Kò pọn dandan kí ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ tóbi bí ìran yín. Nígbà tí Tai Solarin fẹ́ dá irú ilé ìwé tó wù ú sílẹ̀ ní 1956, Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí i sí ló dá Mayflower sí, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń dáko tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ohun tó ń rò kọjá Ìkẹ́nnẹ́, ó kan gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ béèrè

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìtún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò, ní olórí tirẹ̀, Olórítún. Láwọn ìlú Rẹ́mọ, àwọn olóyè àti baálẹ̀ wà, àdúgbò tuntun sì ní CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí àwọn onílé ń ṣe ìpàdé rẹ̀. Yàtọ̀ sí wọn, ẹ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé pírámárì tó wà nítòsí, ìyálọ́jà, lèmọ́mù àti pásítọ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fo ẹni tí ilẹ̀ ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kéré lọ́jọ́ orí, ẹ mú àgbàlagbà kan tí wọ́n mọ̀ dání. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni “Ọmọ ta ni ọ́?”, ó sì dáa kí ẹni tó lè dáhùn fún yín wà níjokòó.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín mọ níwọ̀n. Irú èyí tó:

“Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ọmọ àdúgbò yìí ni mí. Mo ní àyè ní Sátidé láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, mo sì lè kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Mo ní kí n wá bi yín kí n tó ṣe ohunkóhun. Lójú tiyín, kí ló ń dààmú àwọn ọmọ yìí jù?”

Lẹ́yìn èyí, ẹ dákẹ́, kí ẹ máa gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà sọ pé, “Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n máa ń bá ìyá wọn kiri ọjà. Tó o bá lè fi í sí ìrọ̀lẹ́ Sunday, wọ́n á wá.” Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé ìwé kíkà kọ́ ni ìṣòro, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé ti bàjẹ́, àwọn ọmọbìnrin kì í sì í wá ilé ìwé láwọn ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Bí apá yín kò bá ká ìyẹn, ẹ sọ ọ́ fún un ní tààrà, kí ẹ sì bá a wá ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ẹ má jiyàn pé ohun tí ẹ gbé wá ló ṣe kókó jù.

Ààbò àwọn ọmọ kò ní àbùlà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé, kó tẹ̀lé àwọn òfin yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbàlagbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹnì kejì kò bá lè wá, kí ẹ tú àwọn ọmọ ká lọ́jọ́ náà. Kíláàsì ni kí ẹ lò, tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú mọ́ṣáláṣí, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ ti lè rí yín, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ọmọ kan mú lọ sílé tàbí gbé e sórí ọ̀kadà. Kí òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tí orúkọ ọmọ, nọ́ńbà fóònù àti ẹni tó máa ń wá mú un wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tún wà. Gbogbo wa la fẹ́ kí ayé rí iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí Facebook láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ bá ń sọ fún gbogbo ayé pé kò mọ̀wé tàbí pé ilé wọn kò rí jẹ. Ọmọ náà á dàgbà. Ẹ ya àwòrán pátákó, ẹ ya ìwé, ẹ ya ọwọ́ tó ń kọ̀wé.

Ọjọ́ kìíní: ẹ mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan lọ́jọ́ yìí. Ẹ ra káàdìbọ́ọ̀dù funfun, kí ẹ gé e sí mẹ́rin. Sórí èkíní, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá tí kò tẹ̀lé ara wọn. Sórí èkejì, ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá: omi, ilé, ẹja, adé, ọwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sórí ẹ̀kẹta, gbólóhùn mẹ́rin tó rọrùn. Sórí ẹ̀kẹrin, ìtàn kúkúrú bí ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹnì kejì yín máa bá àwọn yòókù ṣeré.

Orí káàdì kẹta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá kà á láìsí wàhálà, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣòro, ẹ lọ sórí lẹ́tà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ ti mọ ibi tó dé. Ẹgbẹ́ Pratham tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní Íńdíà ní 1995 ló sọ irú àyẹ̀wò yìí di ohun tí ayé mọ̀, àṣírí ọ̀nà wọn kò sì ṣòro: ibi tí ọmọ dé ni wọ́n fi ń pín wọn sẹ́gbẹ́, wọn kì í wo kíláàsì tàbí ọjọ́ orí. Ọmọ pírámárì karùn-ún lè jókòó ti ọmọ pírámárì kejì. Kí ẹ má pe ẹgbẹ́ kankan ní “àwọn tó wà lẹ́yìn”. Ẹ fún wọn lórúkọ ẹyẹ: ẹgbẹ́ Àdàbà, ẹgbẹ́ Lékeléke, ẹgbẹ́ Àwòdì.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó ti há ìwé sórí. Á ka ojú ewé kan já geere bí omi, ṣùgbọ́n ojú yín ló ń wò, kò wo ìwé. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ na ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà, kí ẹ ní kó kà á. Bó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè títí tó fi kan ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Ẹ má tú u láṣìírí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ yìn ín fún ọpọlọ rẹ̀, nítorí ó ní in, kí ẹ wá fi í sáàárín àwọn tó ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Bí wákàtí méjì ṣe ń lọ

Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn sókè fún gbogbo wọn pọ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àlọ́ ìjàpá dára, àwọn ọmọ mọ orin rẹ̀, wọn á sì gbè é. Lẹ́yìn náà, kí kálukú lọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní lẹ́tà, álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ju 25 lọ, fáwẹ̀lì méje sì ni ọmọ máa fi máa yí kọ́ńsónáǹtì: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ sílébù kọ̀ọ̀kan sí i, kí wọ́n máa tò ó pọ̀ fúnra wọn. “Ba” àti “ta” dé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnì kan á pariwo “bàtà!”, á sì nawọ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi báírò pupa tò ó sí i. Ní ti àmì ohùn, ẹ má fi dá wọn lágara lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dò, re, mí kùn ún lẹ́nu kí wọ́n tó máa wá a lórí ìwé.

Àwọn ọmọ tó ń sọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ nílé lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò nínú ìwé kí wọ́n sì fi ohùn ilé wọn pè é. Bí ìtumọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ọmọ náà ti kà á. Ẹ jẹ́ kó ka ìlà náà tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bí ìwé ṣe kọ ọ́ hàn án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn òbí kan á bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn gidi. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mókè nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tó ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ohùn ní èdè tó gbọ́, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìyẹn nígbà tó bá dé èdè kejì.

Ní agbedeméjì, ẹ fún wọn ní nǹkan panu. Gàárì Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti omi tútù ti tó. Ọmọ tí ebi ń pa kì í gbọ́ ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn kò sì tíì jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí ó tó di pé wọ́n ń lọ, kí olúkúlùkù yá ìwé kan lọ sílé, kódà bó jẹ́ ojú ewé kan tí ẹ fọwọ́ kọ.

Owó

Iṣẹ́ yìí kò náni púpọ̀, ohun tó sì máa ń ba orúkọ èèyàn jẹ́ kì í ṣe owó ńlá. Ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni sínú àkáǹtì tí ẹ̀yin nìkan ń fọwọ́ sí. Kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n, kí ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé tí òbí èyíkéyìí lè ṣí wò. Ohun tí ẹ bá lè gbà dípò owó, ẹ gbà á: páálí ìwé, ṣọ́ọ̀kì, àga, àpò gàárì.

Bí ẹ bá nílò ju èyí lọ, ẹ lọ bá àwọn regbérẹ́gbẹ́. Ìrántí gbogbo ayé nípa wọn ni aṣọ àti ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yìí, tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní 2025 gbé dìde padà, tún ń fi owó àti agbára wọn gbọ́ bùkátà ìlú. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá. Nígbà yẹn owó ti bá aṣọ ẹgbẹ́ lọ. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́, iye tó jẹ́ àti orúkọ ilé ìwé náà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l’Ékòó àti lókè òkun máa ń fẹ́ ṣe nǹkan fún ilé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó máa jíṣẹ́ rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú rìsíìtì.

Àwọn kọ́pà

Ètò NYSC ti wà láti 1973, àgọ́ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà ní Ṣàgámù, lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Kọ́pà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ CDS lọ́sẹ̀, tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa fayọ̀ bá yín kọ́ni bí ẹ bá lọ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọdún ìsìnrú ìlú bá parí, wọ́n á lọ. Kí kọ́kọ́rọ́ kíláàsì wà lọ́wọ́ ọmọ ìlú.

Fún ẹni tí kò lè kọ́ni

Ẹ lè fi ẹ̀jẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ. Láwọn ọsibítù wa, nígbà tí obìnrin bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹbí rẹ̀ ló máa ń sáré wá ẹni tó máa fún un ní ẹ̀jẹ̀, wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ á sì bá ìyẹn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí kò retí nǹkan kan ló ń dí àlàfo náà. Ẹni tó bá wà láàárín ọdún 18 sí 65, tó wọn tó kílò 50, tí ara rẹ̀ sì le, lè lọ bá wọn ní ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù. Wọn á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ohun tí wọ́n ń gbà jẹ́ bíi mílílítà 450. Ọkùnrin lè tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó lọ, kí ẹ mu omi púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má gbé ẹrù wúwo lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí èèyàn bá ń dínkù

Wọ́n á dínkù. Òjò á rọ̀, ìdánwò á dé, ẹni tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ á ríṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìbáwí kún WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ pe onítọ̀hún lórí fóònù, kí ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ̀ẹ̀kan lóṣù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá ku ẹ̀yin méjì, ẹ dín àwọn ọmọ kù, kí ẹ má dín ọjọ́ kù. Bí ọmọ kan kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yà nílé wọn kí ẹ kí ìyá rẹ̀. Bóyá ara rẹ̀ kò yá, bóyá wọ́n ti kó lọ.

Ẹ dá ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ máa kàwé níwájú òbí wọn. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 1985 fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn, máa ń bọ́ sí táàmù kìíní, kí wọ́n tó gba ìsinmi Kérésìmesì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ìlà tó mọ̀, ì báà jẹ́ méjì péré. Àwọn ìyá tó ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú àbúrò ọmọ náà wá.

Ìwé ńlá kan

Láti ọjọ́ kìíní, ẹ ra ìwé ńlá kan tí yóò máa wà ní kíláàsì. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, ibi tó dé lọ́jọ́ àyẹ̀wò àti ibi tó dé níparí táàmù, nítorí ẹ máa tún fi káàdì mẹ́rin yẹn yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ kọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kí i, ibi tí ẹ ti ń ra gàárì, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó yẹ kó máa jókòó níwájú, ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ máa ń wá mú un dípò ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lè ṣí i láàárọ̀ Sátidé kan kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí.